Bí mo ṣe fi àwòrán tún ìwé ìlò ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe

Ojú ìwé mọ́kànlá ni ìwé ìlò tí mo kọ fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ ìránṣọ, àwòrán kan ṣoṣo ni ó sì wà nínú rẹ̀: fọ́tò ẹ̀rọ náà lódindi, tí mo fi sí ojú ìwé àkọ́kọ́ bí ẹni fi ohun ọ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ni gbogbo ìyókù. Mo ti ka ọ̀rọ̀ náà ní àkàtúnkà, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí gbólóhùn kan tí kò tọ́ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá mú un jókòó sídìí ẹ̀rọ kì í pẹ́ kí ó tó pè mí, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn sì máa ń rò: òwú ń lọ́ mọ́ra lábẹ́ aṣọ bí ìtẹ́ ẹyẹ, abẹ́rẹ́ há, aṣọ kò sì kúrò lójú kan.

Apá kan péré nínú ìwé náà ni mo tún ṣe nínú iṣẹ́ tí mo ń ròyìn yìí, ìyẹn apá tí ó sọ bí a ṣe ń fi òwú sí ẹ̀rọ. Wákàtí ni mo fi ka ìnáwó mi, nítorí pé yàtọ̀ sí ìwé ìtẹ̀wé àti yíǹkì, n kò ra ohunkóhun. Fóònù ti wà lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni ètò kọ̀ǹpútà méjèèjì tí mo lò, Inkscape fún yíya àwòrán àti LibreOffice Writer fún títo ojú ìwé.

Ìpele 1: Wíwá ibi tí ọ̀rọ̀ ti já (wákàtí 3)

Mo pe ènìyàn mẹ́fà tí wọn kò fi òwú sí ẹ̀rọ rí, ẹnìkọ̀ọ̀kan ní àsìkò tirẹ̀. Mo fi ìwé àtijọ́ lé wọn lọ́wọ́, mo jókòó sẹ́yìn wọn, mo sì fi òfin de ara mi pé n kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbọ́dọ̀ nawọ́ sí nǹkan kan. Nínú gbogbo iṣẹ́ náà, òfin yìí ni ó nira jù lọ fún mi láti pa mọ́.

Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti ń ṣubú. Àkọ́kọ́ ni ìgbésẹ̀ kejì, tí ó ní kí a gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sókè kí a tó fa òwú gba àárín àwọn àwo téńṣọ̀n. Irin pẹlẹbẹ tí ó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́ ni mo pè ní ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Àwo téńṣọ̀n ni àwo kékeré méjì tí ó ń di òwú òkè mú kí ó má baà tú jù. Bí ẹsẹ̀ yìí bá wà nílẹ̀, àwo méjèèjì a di mọ́ra, òwú a sì gun orí wọn dípò kí ó wọ àárín wọn. Nígbà tí kò wá sí ohun tí yóò dá òwú òkè dúró, a ya wọlé sábẹ́ aṣọ, a sì di kókó síbẹ̀. Ẹni tí ó bá rí kókó náà a rò pé bọ́bìnì, ìyẹn ìkó òwú kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, ni ó bàjẹ́, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni kókó wà, bẹ́ẹ̀ òkè ni àrùn ti wá. Mẹ́rin nínú àwọn mẹ́fà náà ka ìgbésẹ̀ yìí sókè ketekete, wọ́n sì gbé nǹkan mìíràn. Ẹnì kan yí wíìlì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ títí abẹ́rẹ́ fi gòkè. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, ó ń wá ẹsẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan ni ó kúkú bi mí léèrè láìyíjú padà: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹsẹ̀ wo ni wọ́n ní ká gbé, ti ẹ̀rọ ni àbí tèmi?” Mo pa òfin mi mọ́, n kò fèsì, ṣùgbọ́n mo kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè kọ̀ǹpútà mi títí iṣẹ́ fi parí.

Ibi kejì ni abẹ́rẹ́. Òkè abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ilé ní ẹ̀gbẹ́ kan tí ó tẹ́, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni ó sì yẹ kí ẹ̀gbẹ́ náà kọjú sí lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mo kọ “kí ẹ̀gbẹ́ títẹ́ wà lẹ́yìn”. Ènìyàn méjì kọjú rẹ̀ sí ara wọn, nítorí pé ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń rò, kì í ṣe ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ibi kẹta ni bọ́bìnì, tí mo máa padà sórí rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti ṣìnà jù.

Ohun tí n kò retí ni pé àwọn apá mìíràn kò fún ẹnikẹ́ni ní ìyọnu. Ọ̀rọ̀ lásán tó fún gbígbá ìdọ̀tí òwú kúrò, fún yíyọ púlọ́ọ̀gì kí a tó pààrọ̀ abẹ́rẹ́, àti fún bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀rọ. Mo gba bírò pupa, mo sì fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan: ọ̀rọ̀ nìkan, àwòrán, tàbí tébù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni tébù jáde, fún ìwọ̀n abẹ́rẹ́. Mo ti fi ìpínrọ̀ gígùn kan ṣàlàyé pé 70/10 wà fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 80/12 fún aṣọ tí ó nípọn díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, 90/14 fún aṣọ agbede-méjì, àti 100/16 fún aṣọ tí ó ki bíi jíínì, pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ sì ni ìwọ̀n abẹ́rẹ́ ní ìdá ọgọ́rùn-ún mìlímítà, tí 90 fi jẹ́ mìlímítà 0.90. Ìlà mẹ́rin nínú tébù gba gbogbo rẹ̀. Tí mo bá ní kí n yàwòrán abẹ́rẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ojú kò ní rí ìyàtọ̀ wọn rárá.

Ìpele 2: Fọ́tò (wákàtí 6, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣòfò)

Ohun èlò: fóònù, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń gbé fóònù dúró, páálí funfun méjì, aṣọ funfun fẹ́lẹ́ kan, rúlà 30 sẹ̀ǹtímítà.

Mo rò pé fọ́tò ni ọ̀nà tí ó yá jù lọ. Mo ya mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kò sì lè lo ọ̀kankan nínú wọn bí ó ṣe wà. Òwú funfun ni mo fi sí ẹ̀rọ funfun, nítorí náà òwú kò hàn. Iná àjà ń kọ mọ̀nà lára irin, ibi tí ó yẹ kí ojú lọ gan-an ni ó sì ń bu yẹ̀rì. Mo gbé fóònù sún mọ́ ẹ̀rọ jù, orí ẹ̀rọ wá tóbi bí ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú.

Lọ́jọ́ kejì mo pààrọ̀ òwú sí pupa, mo pa iná àjà, mo jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wọlé láti ẹ̀gbẹ́ òsì gba inú aṣọ fẹ́lẹ́ náà, mo fi páálí funfun dá ìmọ́lẹ̀ padà láti ọwọ́ ọ̀tún kí òjìji lè rọlẹ̀, mo sì sún fóònù sẹ́yìn ní mítà kan kí n tó fà á súnmọ́ ní ìlọ́po méjì. Fọ́tò náà dára, ó dùn-ún wò. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aláwọ̀ dúdú, òwú pupa di àwọ̀ eérú, irin di àwọ̀ eérú, òjìji di àwọ̀ eérú. Aláwọ̀ dúdú ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a óò fi tẹ ìwé náà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò kàn rò ó pọ̀ ni.

Ìṣòro kejì ju ti àwọ̀ lọ. Fọ́tò kì í fi nǹkan kan sílẹ̀. Ó gbé ìdè, ihò, lẹ́tà ara ẹ̀rọ, eruku, àti ìka mi wá pẹ̀lú ohun tí mo fẹ́ fi hàn, òǹkàwé tí kò mọ ẹ̀rọ kò sì mọ èyí tí ó yẹ kí ó wò nínú wọn. Mo pa fọ́tò márùn-ún mọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí n óò ya àwòrán lé lórí. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó wọ ìwé ní fọ́tò, èyí tí ó fi kókó òwú lábẹ́ aṣọ hàn, nítorí pé níbẹ̀ mo fẹ́ kí òǹkàwé rí ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ ní ìdọ̀tí àti gbogbo rẹ̀, kí ó sì sọ pé, “Èyí gan-an ni tèmi.”

Ìpele 3: Àwòrán onílà (wákàtí 19)

Nínú Inkscape, a lè to abala àwòrán léra bí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo gbé fọ́tò sí abala ìsàlẹ̀, mo dín agbára àwọ̀ rẹ̀ kù sí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, mo tì í pa kí ó má baà yẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlà tọ ipa rẹ̀ lórí abala mìíràn. Abala mẹ́ta ni mo pín iṣẹ́ sí: ara ẹ̀rọ, òwú, àti ọfà pẹ̀lú lẹ́tà. Ìpín yìí gbà mí lọ́wọ́ iṣẹ́ púpọ̀ nígbà tó yá, nítorí pé ara ẹ̀rọ kan náà ni mo lò fún àwòrán mẹ́rin, òwú àti ọfà nìkan ni mo ń pààrọ̀.

Àṣìṣe àkọ́kọ́: mìlímítà 0.35 ni mo fi ya gbogbo ìlà. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ jáde, ó dà bí okùn aláǹtakùn. Kò sí ohun tí ó wá síwájú, kò sí ohun tí ó padà sẹ́yìn. Mo wá pín ìlà sí mẹ́ta. Ara ẹ̀rọ jẹ́ mìlímítà 0.25, ẹ̀yà tí ọwọ́ yóò kàn nínú ìgbésẹ̀ náà jẹ́ 0.5, òwú jẹ́ 0.7, ibi tí òwú bá sì ti gba ẹ̀yìn irin kọjá, mo gé ìlà rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Láti ìgbà náà, ojú kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ wá òwú kí ó tó rí i. Nínú ohun gbogbo tí mo ṣe, bóyá ìyípadà tí ó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí ni ó sanwó jù.

Àṣìṣe kejì wá láti inú ìdùnnú ti àkọ́kọ́. Mo ti rí i pé yíyọ nǹkan kúrò ń mú kí ọ̀rọ̀ yé, mo bá ń yọ, mo ń yọ, títí tí àwòrán àwo téńṣọ̀n fi di àwo méjì tí ó léfòó sínú òfìfo, tí òwú gba àárín wọn. Èmi mọ ohun tí ó jẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo fi hàn béèrè bóyá bọ́tìnnì ni. N kò lè dá padà sórí ẹ̀rọ lódindi, nítorí pé àwo náà yóò kéré jù, nítorí náà mo ya ẹ̀rọ lódindi ní kékeré, mìlímítà 22 ní fífẹ̀, mo fi sí igun òkè lápá òsì, mo fi òbìrìkìtì yí ibi tí à ń sọ ká, mo sì fa ìlà láti ara òbìrìkìtì náà lọ sí àwòrán ńlá. Gbogbo àwòrán tí ó sún mọ́ ẹ̀yà kékeré ni ó ní irú èyí báyìí, igun kan náà ni ó sì wà nínú gbogbo wọn.

Fún ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, mo ya méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: ẹsẹ̀ nílẹ̀ tí àwo dì mọ́ra, ẹsẹ̀ lókè tí àwo là. N kò kọ ju gbólóhùn kan sábẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè ìyá tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri ni mo ń wò bí mo ṣe ń yà á.

Ìpele 4: Ọfà, nọ́ńbà àti lẹ́tà (wákàtí 8, pẹ̀lú ọwọ́ tí mo yà)

Nínú àwòrán àkọ́kọ́ tí mo rò pé ó ti parí, ọfà mẹ́sàn-án ni ó wà níbẹ̀, iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń ṣe. Àwọn kan ń tọ́ka sí ẹ̀yà, àwọn kan ń sọ ibi tí ọwọ́ yóò lọ, àwọn kan ń sọ ibi tí òwú yóò gbà. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn rí lójú. Ẹni tí mo fi hàn fẹ́ fa irin kan sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ irin náà ni ọfà ń tọ́ka sí.

Mo wá yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò lórí, tí ó parí sí àmì tódóódó lára ẹ̀yà, ni ó ń tọ́ka sí orúkọ. Ọfà nínípọn ni ti ọwọ́. Òwú kò ní ọfà tirẹ̀ mọ́. Ìlà òwú fúnra rẹ̀ ni mo fi orí ọfà kéékèèké sí lára, pẹ̀lú nọ́ńbà 1 sí 7 ní ibi tí ó ti ń yà. Mo sì rí i dájú pé ìlà ìtọ́ka kan kò gba orí òmíràn kọjá.

Nọ́ńbà náà dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà ni mo ti fi sàmì sí ẹ̀yà, nọ́ńbà náà ni mo fi sàmì sí ìgbésẹ̀, 4 sì jẹ́ àwo téńṣọ̀n níbì kan, ó jẹ́ “fà á wálẹ̀” níbòmíràn. Mo yí ti ẹ̀yà padà sí lẹ́tà, ìgbésẹ̀ nìkan ni ó ní nọ́ńbà. Ọgbọ́n àtijọ́ ni fífi lẹ́tà sára ẹ̀yà: nínú ìwé tí Georgius Agricola ará Jámánì kọ nípa wíwa kùsà, tí a tẹ̀ ní ọdún 1556, A, B àti C ti wà lára àwòrán àwọn ẹ̀rọ, pẹ̀lú orúkọ wọn ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́nà Agricola ni pé mo kọ orúkọ sí ara àwòrán tààrà níbikíbi tí àyè bá wà, nítorí pé mo rí bí ojú àwọn ènìyàn ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín àwòrán àti àkójọ orúkọ, tí wọ́n sì ń fi ìka há ojú ìwé kí wọ́n má baà sọnù.

Wíìlì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ni ó fún mi ní ìyọnu tí ó gùn jù. A gbọ́dọ̀ máa yí i wá sọ́dọ̀ ara wa. Bí a bá yí i sẹ́yìn, òwú lè lọ́. Láti iwájú, etí wíìlì nìkan ni à ń rí, ọfà tí mo fi yí i ká sì lè túmọ̀ sí wíwá tàbí lílọ, ó kù sí bí ẹni tí ń wò ó bá ṣe rò pé ó gba iwájú tàbí ẹ̀yìn. Ènìyàn mẹ́ta yí i lọ́nà mẹ́ta, bí a bá ka ẹni tí kò yí i rárá mọ́ ọn. Mo ya wíìlì náà láti ọ̀kánkán igun, kí a lè rí etí àti ojú rẹ̀, mo sì ya ọwọ́ lé e lórí. Ọwọ́ ẹyọ kan gba wákàtí méjì àbọ̀. Ìlà òde rẹ̀ nìkan ni mo fi sílẹ̀ nígbẹ̀yìn, láìsí èékánná, láìsí ìlà àtẹ́lẹwọ́, nítorí pé bí mo ṣe ń fi nǹkan kún un ni ojú ń fi wíìlì sílẹ̀ tí ó ń wo ọwọ́.

Ìpele 5: Bọ́bìnì, àti ojú ta ni a fi ń wò ó

Ẹ̀rọ tí mo ń sọ jẹ́ irú èyí tí a ń ju bọ́bìnì sí láti òkè, níwájú abẹ́rẹ́. Bí a bá gbé bọ́bìnì dání tí òwú rẹ̀ sì rọ̀ wálẹ̀ lápá òsì, ó dà bí lẹ́tà P. Bí a bá fi í sí inú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí a sì fa òwú, yóò máa yí lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, bí ó sì ṣe yẹ kí ó yí nìyẹn. Lẹ́tà P jẹ́ ohun ìrántí tí ó rọrùn, inú mi sì dùn sí i. Mo ya àwòrán bọ́bìnì, kéèsì rẹ̀, àti yàrà tí òwú yóò gbà.

Nígbà tí mo gbé e fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti dán wò, ó wo ìwé, ó wo ẹ̀rọ, ó tún wo ìwé, ó sì rọra yí ìwé náà po, orí rẹ̀ wá sísàlẹ̀. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ohun tí ó ṣe yìí ló là mí lójú. Lọ́jọ́ tí mo ya fọ́tò, ìmọ́lẹ̀ dára jù ní òdì kejì tábìlì, ibẹ̀ ni mo sì gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí. Mo ya bọ́bìnì láti ojú ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ẹ̀rọ, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí láti ránṣọ. Yàrà tí ó wà níwájú lápá òsì fún ẹni tí ń ránṣọ wá bọ́ sí ẹ̀yìn lápá ọ̀tún nínú àwòrán mi, P sì di d. Ìyíká rẹ̀ kò yí padà, nítorí pé yíyí ìwé po kò lè sọ ọ̀kan di èkejì, nítorí náà nígbà tí mo yẹ àwòrán náà wò lórí tábìlì mi, mo rí i pé ọfà tọ́, mo sì fọwọ́ sí i. Òtítọ́ ni ọfà ń sọ nínú àwòrán tí kò bá ojú ẹnikẹ́ni mu.

Kò sí ọ̀nà àtúnṣe tí ó yá. Mo gbìyànjú láti yí àwòrán náà po nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a ń wò láti ẹ̀yìn kò di èyí tí a ń wò láti iwájú nípa yíyí. Etí àwo irin tí ó yẹ kí ó jìnnà ń súnmọ́, èyí tí ó yẹ kí ó súnmọ́ ń jìnnà. Mo padà lọ ya fọ́tò mìíràn. Mo gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn àga, mo gbé fóònù sókè bí ojú ẹni tí ó jókòó, mo sì dojú rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀ ní ìwọ̀n dígírì 45 tàbí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo yẹ gbogbo àwòrán yòókù wò pẹ̀lú ìbéèrè yìí, mo sì rí méjì mìíràn tí mo ti yí ojú ẹ̀rọ padà láàárín ìgbésẹ̀ kan sí èkejì láìsọ fún òǹkàwé. Mo tún àwọn náà yà. Wákàtí márùn-ún nínú mọ́kàndínlógún ti ìpele kẹta jẹ́ ti àtúnyà yìí.

Ìpele 6: Àwọ̀ àti àmì ìkìlọ̀

Mo ti kọ́kọ́ fi àwọ̀ ewé sàmì sí èyí tí ó tọ́, mo fi pupa sàmì sí èyí tí kò tọ́. Yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aláwọ̀ dúdú, àwọn kan wà tí ojú wọn kì í fi ìyàtọ̀ sáàárín pupa àti àwọ̀ ewé. Láàárín àwọn ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ wá láti àríwá Yúróòpù, wọ́n tó 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo yọ àwọ̀ méjèèjì, mo sì lo àmì ✓ àti ✗.

Àmì ✗ náà kò tó. Obìnrin kan tí ń kánjú wo ìwé fi òwú sí ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí àwòrán tí kò tọ́ ṣe fi hàn, nítorí pé òun ni ó kọ́kọ́ kan ojú rẹ̀, ✗ sì wà ní igun kan níbi tí kò wò dé. Mo gbé èyí tí ó tọ́ síwájú, mo dín èyí tí kò tọ́ kù sí ìdajì rẹ̀, mo sì fa ✗ láti igun dé igun lórí rẹ̀. N kò fi àwòrán tí kò tọ́ sí ju ibi méjì lọ nínú gbogbo ìwé.

Fún ìkìlọ̀, mo ti dá àmì tèmi ṣe, onígun mẹ́ta aláwọ̀ aró tí ó ní abẹ́rẹ́ nínú, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo jù ú nù. Ìlànà àgbáyé ISO 7010 ti pín in: onígun mẹ́ta pupa rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè tí etí rẹ̀ dúdú ni ìkìlọ̀, òbìrìkìtì aláwọ̀ aró ni ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe, òbìrìkìtì pupa tí ìlà dá lórí ni èèwọ̀. Aró tí mo lò yóò ti máa sọ ohun mìíràn fún ẹni tí ó ti rí àmì wọ̀nyí níbi iṣẹ́. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní dúdú àti funfun, ìrísí onígun mẹ́ta náà ṣì ń sọ̀rọ̀. Kí ìka má baà wọ abẹ́ abẹ́rẹ́ ni mo lò ó fún, mo sì gbé e síwájú ìgbésẹ̀ tí ewu náà wà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ìpele 7: Títo ojú ìwé (wákàtí 7)

Mo fi àwòrán pamọ́ ní JPEG nígbà àkọ́kọ́, eruku eérú wá yí gbogbo ìlà ká lórí ìwé. Ọ̀nà tí JPEG ń gbà fún fáìlì pọ̀ bá fọ́tò mu, kò bá ìlà dúdú lórí funfun mu. Mo fi wọ́n sílẹ̀ ní SVG, irú fáìlì tí ó ń pa ìlà mọ́ gẹ́gẹ́ bí ìlà, mo sì gbé ìwé jáde ní PDF, ìlà wá gé bí abẹ. Fún fọ́tò kan ṣoṣo tí ó kù, tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 80, mo nílò bíi píksẹ́lì 945 (àwọn àmì tódóódó tí ó para pọ̀ di fọ́tò) ní fífẹ̀ kí ó lè tó 300 nínú ínṣì kọ̀ọ̀kan.

Àṣìṣe mìíràn nìyí tí ojú ń tì mí láti sọ. Kí àwòrán lè gba inú òpó ìwé, mo sún un kékeré sí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́tà tí ó jẹ́ póìntì 9 di 5.4, ìlà mìlímítà 0.25 di 0.15, apá kan nínú rẹ̀ kò sì hàn nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà, mo wọn òpó ìwé kí n tó ya ohunkóhun, mo sì ń ya àwòrán ní ìwọ̀n tí a óò fi tẹ̀ ẹ́ gan-an.

Àwòrán àti ọ̀rọ̀ ìgbésẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà níbi tí ojú kan lè rí méjèèjì láìṣí ìwé. Nígbà tí mo fi àwòrán tuntun kan sáàárín, gbogbo “wo àwòrán 6” tí mo fọwọ́ kọ ni ó di irọ́. Mo pa wọ́n rẹ́, mo sì jẹ́ kí LibreOffice máa fi nọ́ńbà sí i fúnra rẹ̀.

Mo tún kọ àpèjúwe kúkúrú fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, fún ẹni tí kọ̀ǹpútà ń ka ìwé sí létí. N kò mọ̀ pé yóò wúlò fún èmi náà: àpèjúwe àwòrán 4 kọ̀ láti kúrú, mo sì rí i pé ìgbésẹ̀ méjì ni mo dì sínú rẹ̀. Mo là á sí méjì.

Ìpele 8: Àdánwò kejì (wákàtí 4)

Ènìyàn mẹ́fà mìíràn ni mo pè, nítorí pé àwọn ti àkọ́kọ́ ti mọ ẹ̀rọ. Gbogbo wọn gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sókè. Gbogbo wọn fi bọ́bìnì sí i bí ó ṣe yẹ, kò sì sí ẹni tí ó yí ìwé po. Márùn-ún ránṣọ láìsí kókó òwú. Ẹnì kan fò irin afòwú, ìyẹn irin tí ń lọ sókè sódò níwájú ẹ̀rọ, òwú rẹ̀ sì já lójú ẹsẹ̀. Mo wo àwòrán náà pẹ̀lú rẹ̀: mo ti ya irin náà nígbà tí ó wà nísàlẹ̀, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ farapamọ́ sínú yàrà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí wíìlì ti gbé e dé òkè pátápátá kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa òwú. Fọ́tò tí mo tọ ipa rẹ̀ ni ó wà bẹ́ẹ̀, èmi náà sì yà á bẹ́ẹ̀.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 47 àti ìwé A4 tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ojú ìwé mọ́kànlá ti di mẹ́sàn-án. Mo ti tún irin afòwú yà ní òkè, pẹ̀lú ìlà mìlímítà 0.5, mo sì ti fi ìgbésẹ̀ yíyí wíìlì ṣíwájú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tí ì dán èyí wò. Ohun tí ó kù lẹ́yìn rẹ̀ ni àwòrán fún ẹ̀rọ tí bọ́bìnì rẹ̀ ń wọlé láti iwájú, tí mo ti gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn àga dè.